Táyà ńlá tó ń ha lẹ́sẹ̀ Hilux: ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń kan

Bọ̀dá tó ní òun yọ táyà 265/65R17 tó wà lẹ́sẹ̀ Hilux òun, òun sì fi 285/70R17 sí i, tó wá jẹ́ pé tóun bá ti gé stíárín tán, pàápàá tóun bá ń rìfáàsì, ẹsẹ̀ iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í ha gbàràgbàrà, tí mẹkáníìkì sì ní kóun lọ gbé mọ́tò ga sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó kankan o. Hilux lèmi náà ń wà, táyà tẹ́ ẹ rà yẹn gan-an ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ojú mi sì rí tó kó tó dákẹ́.

Ẹ wò ó, táyà tẹ́ ẹ yọ yẹn ga tó 776 mìlímítà látilẹ̀ dókè, tuntun yìí ń lọ sí 831, ẹ pín ìyàtọ̀ ẹ̀ sí méjì, nǹkan bíi 27 ló fi sún mọ́ gbogbo ohun tó yí i ká, iwájú, ẹ̀yìn, òkè, ó tún wá fi 20 fẹ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ, inú fẹ́ńdà ò sì fẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ gbígbé mọ́tò ga yẹn, òun làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ. Lóòótọ́, tí mọ́tò bá dúró, ẹ máa rí àyè lókè táyà dáadáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ó já sí kòtò kí ẹsẹ̀ rọ̀ wọlé tán, ibi tí táyà ń dé tẹ́lẹ̀ náà ló máa dé. Ẹ tún wá wò ó pé ìgbà tẹ́ ẹ bá gé stíárín ló ń ha, inú fẹ́ńdà lápá ẹ̀yìn táyà ló sábà máa ń kàn nìyẹn, kì í ṣe òkè. Èyí tó tiẹ̀ burú níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá gbé iwájú ga tí wọn ò tún aláìmẹ́ǹtì ṣe, táyà máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ń lọ bá irin tó ń kàn gan-an nìyẹn. Bó ṣe rí fún tèmi nìyẹn, ṣọ́ọ̀bù tó bá mi gbé e ga gbowó, mọ́tò jáde níbẹ̀, ariwo wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wá ẹfun. Ẹ fi kun rọ́bà inú fẹ́ńdà níwájú lọ́dọ̀ bọ́ńpà, ẹ kun tẹ̀yìn náà àti irin tó wà lẹ́yìn ẹ̀, kí ẹnì kan wá gé stíárín tán, kó máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, síwájú, sẹ́yìn, ọ̀tún, òsì. Lẹ́yìn náà ẹ gun ẹsẹ̀ iwájú kan lé búlọ́ọ̀kù kẹ́ ẹ tún gé e, torí pé ibòmíì wà tí kì í kàn àfi tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀. Ibi tí ẹfun bá ti pa rẹ́, ibẹ̀ ni. Lára tèmi, rọ́bà ẹ̀yìn ti lu, irin tí kábíìnì jókòó lé lẹ́yìn táyà iwájú ti ń dán, ọ̀dà ti bó kúrò lórí igun ẹ̀, èérún rọ́bà dúdú lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri. Tó bá jẹ́ orí táyà ló ń ha rọ́bà lásán, kò sí kánjúkánjú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ló ń gbo irin, ẹ má gbé e lọ sọ́nà jíjìn rárá, ẹ̀gbẹ́ yẹn fẹ́lẹ́, tó bá bẹ́ lórí eré, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ wo rímù náà. Nọ́ńbà ET, tó ń sọ bí rímù ṣe wọlé tó, wà lára ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ló sábà máa ń wà, bó bá ṣe kéré sí ni táyà ń yọ síta sí, ti Hilux tó bá ilé iṣẹ́ wá máa ń jẹ́ ET30. Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ ẹ̀ sí ET0 nítorí kó lè yọ síta kó rẹwà, táyà ti fi 30 mìlímítà jáde nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì ti ki spésà sí i, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sẹ́yìn rímù, òun náà á tì í síta, tẹ́ ẹ bá wá gé e, ńṣe ló ń fì bíi géètì tó gùn jù, á sì lọ gbá fẹ́ńdà àti irin yẹn. Ẹ dá rímù tó bá mọ́tò wá padà ná. Kẹ́ ẹ wá wo inú, bóyá táyà ò kan apá òkè ẹsẹ̀ àbí rọ́bà búréèkì.

Ìgbà yẹn ló kan aláìmẹ́ǹtì, ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é, tóò nìkan, ìyẹn bí táyà iwájú méjèèjì ṣe kọjú síra, ni wọ́n máa ń tún ṣe, stíárín á dúró gbọọrọ, wọ́n á ní ó ti tán. Ẹ sọ fún wọn pé kásítà lẹ fẹ́, ìyẹn bí ẹsẹ̀ iwájú ṣe dagun síwájú tàbí sẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wò ó látẹ̀gbẹ́. Àwọn bọ́ọ̀tì apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú ní wọ́ṣà kan tí wọ́n fín ìlà sí lára, òun ni wọ́n máa yí láti ti táyà síwájú díẹ̀, kó jìnnà sí irin kábíìnì. Mìlímítà díẹ̀ ni o, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo tèmi, ibẹ̀ ló parí sí. Ẹ dúró tì wọ́n, kẹ́ ẹ gba ìwé tó fi nọ́ńbà ọ̀tún àti tòsì hàn, kó má lọ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ṣe, kí mọ́tò wá máa fà.

Rọ́bà inú fẹ́ńdà ò le, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni kí wọ́n fi rọ̀ ọ́, kì í ṣe iná, kí wọ́n tì í wọlé kí wọ́n fi sikúrúù dè é. Etí páànù tí wọ́n pa pọ̀ lẹ́yìn rọ́bà, kí wọ́n fi hámà lù ú pẹlẹbẹ, kí wọ́n sì kùn ún lọ́dà kó má dípẹtà. Tó bá ṣì ń kan irin kábíìnì lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ̀yin náà lè ní kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ gé igun ẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fi páànù tó nípọn dí ojú ibi tó gé, torí irin yẹn ló gbé kábíìnì. Àwọn tó ń ní kẹ́ ẹ fi wọ́ṣà dín gígé stíárín kù, ó máa dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò ní lè yípo ládùúgbò tóóró mọ́, èmi ò fara mọ́ ọn.

Tẹ́ ẹ bá lè dá táyà yẹn padà fún ẹni tó tà á, 265/70R17 ò fi ju 13 mìlímítà sún mọ́ nǹkan, kì í fa wàhálà tó báyìí. Tẹ́ ẹ bá máa lo èyí náà, ẹ rántí pé tí spidomítà bá ń sọ 100, ẹ ti ń sá 107 nìyẹn, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sípíà tó tóbi tó báyìí wọ abẹ́ mọ́tò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.