Kọ́bọ́ọ̀dù Àtijọ́ Di Tábìlì Irinṣẹ́ Onítáyà: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Àwọn lẹ́tà tí a mú lóṣù yìí wá láti Àkúrẹ́ àti Òǹdó, orí ohun kan náà sì ni gbogbo wọn dá lé: bí èèyàn ṣe lè sọ àga, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù tí wọn ò lò mọ́ nílé di ohun tí irinṣẹ́ ń gbé lórí, tó sì ṣeé tì kiri ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kékeré kan ní Ìjòkà. Sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ibẹ̀ ti sán. Kọ́bọ́ọ̀dù onídúrọ́ọ̀ mẹ́ta kan wà nílé, pákó gidi ni. Ó fẹ̀ ní íǹṣì 36, inú rẹ̀ jìn ní íǹṣì 18, ó ga ní íǹṣì 30 pẹ̀lú ẹsẹ̀ íǹṣì mẹ́rin. Mo fẹ́ kó sípánà, jáàkì àti dírìlì sí i, kí n máa tì í dé ìdí mọ́tò. Táyà wo ni kí n rà? — Mẹkáníìkì, Ìjòkà, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì ra táyà kankan. Ìdí àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni tó kàn án ṣe é kó lè dúró sójú kan ni, tí ẹrù inú rẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ nìkan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, agbára á máa ti ẹ̀gbẹ́ wá. Oríkèé rẹ̀ á máa mì, pláíwúùdù fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa já ìṣó, kò sì ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Táyà ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn tí wọn ò tún ṣe ló ń bi ọ̀pọ̀ wọn wó.

Ẹ yọ dúrọ́ọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dojú kọ́bọ́ọ̀dù bolẹ̀, ẹ tú ẹsẹ̀ rẹ̀. Oríkèé tó bá ń mì, ẹ fà á yọ, ẹ fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátápátá. Gọ́ọ̀mù tuntun kì í wọ igi tí gọ́ọ̀mù gbígbẹ bá ti bò, ìdí nìyẹn tí àtúnṣe ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi í tọ́jọ́. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà sí i, ẹ fi rọ́bà tíúbù mọ́tò tí ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́ dì í yí ká dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ ṣí pláíwúùdù fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, ẹ fi èyí tó nípọn ní 3/8 íǹṣì rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ tó dè é, ẹ fi téèpù wọn kọ́bọ́ọ̀dù láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ òdìkejì, kí ẹ wọn ìdábùú kejì náà. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, kọ́bọ́ọ̀dù ti wọ́ nìyẹn. Ẹ tì í títí wọ́n á fi dọ́gba. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù sí etí rẹ̀ yí ká, kí ẹ sì fi súkúrúù íǹṣì kan ààbọ̀ dè é, ọ̀kan ní gbogbo íǹṣì mẹ́fà. Ogún súkúrúù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló máa gbà. Bí igi náà bá jẹ́ ìrókò tàbí apá, ẹ fi dírìlì 3 mm lu ihò kọ́kọ́, torí etí igi líle máa ń là bí súkúrúù bá wọ̀ ọ́ lójijì.

Ìdí ló kàn. Ẹ ra pláíwúùdù 3/4 íǹṣì kan, odidi, ẹsẹ̀ bàtà 8 × 4. Ẹ gé e sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní íǹṣì 38 × 20. Gbogbo wọn á jáde lára ẹyọ kan náà, á sì ṣẹ́kù. Ẹ lẹ méjì pọ̀ fún ìdí, kí ẹ lẹ méjì tó kù pọ̀ fún orí tábìlì. Ìdí yìí tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ ní íǹṣì méjì, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: ẹ jẹ́ kí íǹṣì kọ̀ọ̀kan yọ ní ọ̀tún àti òsì, kí íǹṣì méjèèjì ti jíjìn rẹ̀ yọ síwájú, lọ́dọ̀ tí dúrọ́ọ̀ ń ṣí sí. Táyà tó ń yí orí máa ń ká wọ abẹ́ nígbà tí ẹ bá fà á padà, ìgbà yẹn ni àyè tí kọ́bọ́ọ̀dù fi dúró máa ń dín kù. Dúrọ́ọ̀ tó kún fún sípánà tí ẹ bá ṣí sílẹ̀ lásìkò yẹn lè dà á dojú délẹ̀.

Ní ti táyà, ẹ ṣírò ẹrù. Ká ní kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú pláíwúùdù rẹ̀ wọn kílò 50, kí irinṣẹ́ wọn 70, 120 nìyẹn. Ẹ má pín in sí mẹ́rin, ẹ pín in sí mẹ́ta. Lórí sìmẹ́ǹtì tó sán, kì í sí ìgbà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fọwọ́ kan ilẹ̀ dọ́gba; mẹ́ta ló sábà máa ń ru gbogbo ẹrù. Kílò 40 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí náà ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára. Kó ga ní íǹṣì mẹ́rin. Oníńṣì méjì dára lórí táìsì, ṣùgbọ́n tó bá já sínú ibi tí sìmẹ́ǹtì ti là, ibẹ̀ ló máa há sí, ẹrù òkè á sì máa bọ̀ níwájú. Rọ́bà dúdú lásán máa ń wú tí ọ́ìlì àti dísù bá ń kàn án lójoojúmọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè polyurethane, ìyẹn ike líle tó dà bíi rọ́bà, owó rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n ó yẹ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Méjì tó ń lọ tààrà ni kí ẹ fi sí apá kan, méjì tó ń yí orí tó sì ní búréèkì sí apá tí ẹ ó máa dì mú. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń yí orí, kọ́bọ́ọ̀dù á máa ṣàìgbọràn sí yín níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun.

Bóòtù M8 (èyí tó nípọn ní 8 mm) tó gùn ní 50 mm ni kí ẹ fi dè wọ́n, mẹ́rin sí ìdí táyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ óò nílò bóòtù 16, nọ́ọ̀tì 16, wáṣà fífẹ̀ 16 àti wáṣà onísípíríǹgì 16. Sípánà 13 ló ń dè é. Kí orí bóòtù má bàa gbé kọ́bọ́ọ̀dù sókè, ẹ kọ́kọ́ fi irin dírìlì 25 mm gbẹ́ ihò tó jìn ní 8 mm sójú pláíwúùdù, lẹ́yìn náà kí ẹ lu ihò 8 mm láàárín rẹ̀ já. Bí ẹ bá kọ́kọ́ lu ihò kékeré, irin ńlá ò ní rí ibi tí imú rẹ̀ máa gún mọ́. Súkúrúù lásán kọ́ ni ẹ ó fi de táyà o. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá ti ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, súkúrúù á máa já díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ àfìgbà tí igun kan bá yọ.

Bí ìdí bá ti dúró lórí táyà, ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù lé e. Ẹ fi gọ́ọ̀mù àti súkúrúù de igi 2 × 2 (íǹṣì méjì sí méjì) mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú, kí ẹ sì ti inú igi yìí de súkúrúù wọ ìdí, torí pákó ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ sábà máa ń fẹ́lẹ́. Ó máa ga tó íǹṣì 34 lápapọ̀: táyà pẹ̀lú irin rẹ̀ tó nǹkan bí 5, ìdí 1½, kọ́bọ́ọ̀dù 26, orí tábìlì 1½. Ìyẹn bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mu láti dúró ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Jáàkì àti ohun tó wúwo ní dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, dírìlì ní àárín, súkúrúdíráfà àti ohun fífúyẹ́ lókè, kí ẹ sì máa ṣí ẹyọ dúrọ́ọ̀ kan péré lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, kọ́bọ́ọ̀dù tèmi kì í ṣe pákó. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ ni, omi òjò sì ti mú kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú. Ṣé kí n sọ ọ́ nù? — Ẹni tó ń ṣe àga onífóòmù, Yábà, Òǹdó

Ibi tó ti wú kò ní padà bọ̀ sípò láéláé. Omi ti ya ìyẹ̀fun igi náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kúrò lára gọ́ọ̀mù rẹ̀, kò sì sí ìṣó tó lè dì í mú mọ́. Ẹ fi ayùn gé e kúrò, kí ẹ gé íǹṣì méjì sí i lókè ibi tó wú, kí ẹ sì kun ojú ibi tí ẹ gé pẹ̀lú gọ́ọ̀mù funfun tàbí ọ̀dà nígbà méjì kí omi má tún rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ má fi súkúrúù sí etí irú bọ́ọ̀dù yìí, inú rẹ̀ kò le, ṣe ló máa fọ́. Ẹ wá bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan tí igi rẹ̀ jẹ́ àfàrà tàbí ọ̀gànwó, ẹ la igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí 2 × 2 ní sọ́mììlì, kí ẹ sì fi ṣe òpó mẹ́rin sínú àwọn igun. Òpó yìí ni kó máa ru ẹrù, kí bọ́ọ̀dù kàn jẹ́ ìbòrí. Kí ẹ tó gbé igi lọ sọ́mììlì, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ tọ́ ọ láti òkè dé ilẹ̀. Ìṣó kan ṣoṣo tó kù nínú rẹ̀ á ba ayùn wọn jẹ́, wọ́n á sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Lójú tiwa, àpapọ̀ ẹrù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò 40 lọ. Abẹ́rẹ́, sísọ́ọ̀sì, òòlù kékeré àti ìṣó yín kò lè tó ìyẹn.

Dúrọ́ọ̀ tèmi kì í ṣí nígbà òjò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti já nítorí ìṣó. — Káfíńtà tó ń kọ́ṣẹ́, Ọ̀bá-Ilé

Igi máa ń mu ọ̀rinrin nígbà òjò, ó sì máa ń sún padà nígbà ọyẹ́. Ẹ má fá a ní oṣù kẹsàn-án nígbà tó wú jù, torí bí ọyẹ́ bá dé, á máa mì kiri. Ẹ dúró di ìgbà tó bá gbẹ díẹ̀, kí ẹ fá a títí àyè tó tó 2 mm á fi wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi àbẹ́là fífunfun ra ibi tí igi ti ń ha igi. Má fi gírísì sí i, ìyẹ̀fun igi á lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ aṣọ sábà máa ń fẹ́lẹ́. Ẹ fi pláíwúùdù 9 mm rọ́pò rẹ̀, kí ẹ dè é láti abẹ́, kí ẹ sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ru àárín rẹ̀. Bí ìṣó bá pọ̀ gan-an, ẹ ra irin réèlì oníbọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ kílò 45 sí.

Ihò kéékèèké wà lára pákó kọ́bọ́ọ̀dù mi, ìyẹ̀fun sì ń jábọ́. Ṣé ó ṣì wúlò? — Òǹkàwé, Ìsìnkàn, Àkúrẹ́

Ẹ gbá ìyẹ̀fun náà mọ́, kí ẹ tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí tuntun bá tún jábọ́, kòkòrò ṣì ń jẹ ẹ́. Arère àti àfàrà ni wọ́n fẹ́ràn jù, wọn kì í ráàyè ní inú ìrókò. Ẹ fi ìka tẹ ibi tí ihò pọ̀ sí: bó bá wọlé, ẹ gé e sọnù. Bó bá ṣì le, ẹ fi Solignum, ìyẹn oògùn igi tó ń pa kòkòrò, kùn ún nígbà méjì ní ìta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gbé e wọlé. Kẹrosíìnì á pa èyí tó bá kàn, àmọ́ kò ní pẹ́ tí á fi gbẹ kúrò.

Bí ọ̀dà ayé àtijọ́ bá wà lára rẹ̀, ẹ má fi sáńdípépà ha á ní gbígbẹ. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, eruku rẹ̀ sì burú fún àwọn ọmọdé. Ẹ fi omi rin ín, ẹ ha á, kí ẹ kó ohun tó bọ́ sínú ọ̀rá.

Ṣé mo lè gbé gíráíńdà lé irú tábìlì onítáyà yìí? — Wẹ́dà, Òǹdó

Ẹ lè gbé e lé e. Ẹ gé rọ́bà tíúbù sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi bóòtù dè é mọ́ orí tábìlì, lókè òpó kan, má ṣe sí àárín. Ẹ kan páànù mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí iná ń ta sí, kí ẹ má sì fi àkísà ọlọ́ìlì tàbí ìyẹ̀fun igi sí dúrọ́ọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Búréèkì táyà nìkan kò tó nígbà tí ẹ bá ń tẹ irin mọ́ òkúta rẹ̀. Ẹ gé pákó méjì ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi há abẹ́ ìdí níwájú, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, títí táyà á fi fúyẹ́ lórí ilẹ̀.