Ìtàn mẹ́ta fún baba ńlá kan: èwo ni ká kọ sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìdílé wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, fẹ́ kọ ìtàn baba ńlá wa sílẹ̀ kó tó di ìpàdé ẹbí, ṣùgbọ́n ẹnu ò kò. Olórí ẹbí wa, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní ọmọ Kétu ni baba ńlá náà, pé ogun 1886, tí Dàhòmì fi pa Kétu run, ló kó o lọ sí Àgbómẹ̀, olú-ìlú Dàhòmì, kó tó padà wálé. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé Abíọ́nà ni wọ́n sọ àkọ́bí rẹ̀, ojú ọ̀nà ni wọ́n bí i sí. Ìyá wa kan, àbúrò bàbá mi, ní ará Ìmẹ̀kọ ni, ìgbà tí wọ́n ń tún Kétu tẹ̀ dó ló wá. Ọmọ ìyá mi kan sì ti Kùtọnu mú ìwé títẹ̀ kan bọ̀, ó wà nínú rẹ̀ pé baba ńlá náà àti ọba Ẹdẹ ni wọ́n jọ wá tẹ Kétu dó. Ìran mẹ́rin la lè kà láti orí baba ńlá náà dé orí olórí ẹbí, "né vers 1945" (wọ́n bí i ní nǹkan bí 1945) ló sì wà nínú ìwé ìbí olórí ẹbí. Àgbà mẹ́fà ló gbè é lẹ́yìn, ẹni méjì péré ló wà lẹ́yìn ìyá wa. Ṣé ti àwọn tó pọ̀ ni ká kọ?

Ọmọ ilé kan, Kétu

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má tíì ka orí. Lọ bá àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o bi wọ́n pé: "Ta ló sọ ọ́ fún yín? Níbo lẹ wà nígbà tó ń sọ ọ́?" Bó bá jẹ́ pé ẹnu olórí ẹbí ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkó ìtàn àtẹnudẹ́nu jọ, àgbà méje sọ ohun kan náà fún mi nínú agbo ilé kan, mo sì kọ ọ́ bí ohun tó dájú. Ọdún kejì ni mo tó gbọ́ pé níbi ìsìnkú kan ni àwọn méjèèje jókòó sí, tí ọkùnrin kan ń rò ó fún wọn. Ẹ̀ka ẹbí tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ kúrò nínú ìtàn ilé wọn. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ìwé Kùtọnu ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun ló yá jù. Fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n sí àárín bàbá àti ọmọ. Láti 1945, ìgbésẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn gbé ọ dé nǹkan bí 1855 sí 1864. Báwo ni òun àti Ẹdẹ ṣe lè pàdé nígbà yẹn? Ó lé ní ogójì ọba tó ti jẹ Alákétu. Lóòótọ́, ìdílé ọba márùn-ún ló ń jẹ oyè náà yípo, nítorí náà ogójì ọba kì í ṣe ogójì ìran, síbẹ̀ kò sí bí a ṣe lè ká gbogbo wọn mọ́ ìran mẹ́rin. Ìtàn Ẹdẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ: Bàbá Ẹlẹ́gùn, òpìtàn ọba Kétu, ló ń kà á bí ọba tuntun bá fẹ́ jẹ, níwájú àwọn tí etí wọn ti gbọ́ ọ rí, tí wọ́n á sì mọ̀ bó bá ṣì í. Ṣùgbọ́n ìtàn ọba ló ń kà. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tẹ ìwé yẹn ibi tó ti rí orúkọ baba ńlá yín nínú rẹ̀. Títẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kò sọ ọ́ di ẹ̀rí.

Ohun kan náà ni mo máa sọ nípa "né vers" yẹn. "Vers" túmọ̀ sí pé akọ̀wé béèrè, ẹnì kan sì fojú díwọ̀n ọjọ́ orí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, òǹtẹ̀ ni wọ́n kàn lù ú. Fi ọdún mẹ́wàá síwájú, fi mẹ́wàá sẹ́yìn. Ìṣirò wa kò ní gbé ọ dé ayé Ẹdẹ.

Ó wá ku méjì, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Èèyàn tó bá gba ìtàn kan gbọ́ máa ń wá ohun tó bá a mu kiri, yóò sì rí i, nítorí ohun tó bá ìtàn kan mu pọ̀ lọ jàra. Wo Abíọ́nà. Ọmọ tí wọ́n bí lójú ọ̀nà Àgbómẹ̀ lè jẹ́ Abíọ́nà, èyí tí wọ́n bí lójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ náà lè jẹ́ ẹ. Ìtàn méjèèjì ló gba orúkọ náà láyè, nítorí náà kò gbè síbì kan. Oríkì orílẹ̀ náà kò ní yanjú ẹ̀, torí abẹ́ Alákétu ni Ìmẹ̀kọ wà láyé àtijọ́. Ohun tó o ń wá ni èyí tó yẹ kó wà bí ìtàn kan bá jóòótọ́, tí kò sì yẹ kó wà bí èkejì bá jóòótọ́.

Bí ogun bá kó o lọ ní 1886, ìgbà tí Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní 1892 ni ọ̀nà àtibọ̀ wálé tó là fún ọ̀pọ̀. Ọdún mẹ́fà nìyẹn, ó kéré tán. Ṣé ọ̀rọ̀ Fọ̀n, èdè Àgbómẹ̀, kan wà nínú orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ nílé yín? Ṣé ẹnikẹ́ni mọ orúkọ abúlé tó ti ṣiṣẹ́ oko? Bí kò bá sí, má sáré dá a lẹ́bi o, torí ẹni tó ṣe ẹrú kì í fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀.

Bí ará Ìmẹ̀kọ bá ni, agbo ilé kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó mọ̀ pé ọmọ àwọn kan lọ tí kò padà. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pa ní 1889 ti fi Ìmẹ̀kọ sí ìhà Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ààlà kì í pa ìrántí rẹ́. Tó o bá débẹ̀, má bi wọ́n pé, "Ṣé ibí ni baba wa ti wá?" Inú wọn yóò dùn láti ní ẹbí ní Kétu, wọ́n á sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Bi wọ́n pé ta ló kúrò nílé wọn, ibo ló lọ, kí o sì dákẹ́. Ní Kétu, bi àwọn tí oko wọn bá ti yín pààlà, àwọn tí kò sí nínú àríyànjiyàn yín, pé ta ló fún baba ńlá yín nílẹ̀.

Yẹ èrè wò pẹ̀lú, kó o sì yẹ ìtàn wò lẹ́lẹ́kùn-únjẹkùn. Kò sẹ́ni tó ń fi oko ẹrú yangàn, nítorí náà apá Àgbómẹ̀ nínú ìtàn olórí ẹbí wúwo lójú mi. Ṣùgbọ́n apá "ọmọ Kétu" ń fún un lẹ́nu lórí ilẹ̀. Ibẹ̀ ni kó o ti rọra. Ìyá yín kò rí nǹkan kan jẹ nínú pé àlejò ni yín.

Ẹnì kan yóò dìde pé kí ẹ pa méjèèjì pọ̀: ọmọ Kétu tó sá àsálà lọ sí Ìmẹ̀kọ, tó wá padà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má gbà á nítorí pé ó pẹ̀tù sí aáwọ̀. Béèrè ohun tí òun náà yóò sọ pé a máa rí: wọ́n gbọ́dọ̀ rántí ní Ìmẹ̀kọ pé ará Kétu kan sá wá sọ́dọ̀ àwọn, kì í ṣe pé ọmọ àwọn kan lọ.

Ilé àkójọ ìwé ìjọba wà níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ṣùgbọ́n owó orí àti ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ni àwọn aláṣẹ Faransé máa ń kọ jù. Má retí orúkọ àgbẹ̀ kan níbẹ̀.

Lónìí, ọ̀dọ̀ ìyá yín ni mo tẹ̀ sí díẹ̀. Bí Ìmẹ̀kọ ò bá mọ ẹnikẹ́ni tó lọ, màá yí padà. Kọ ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ àti ọjọ́ tó o gbà á sílẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tó o rí àti ohun tó o wá tí o kò rí. Mú fóònù tó lè gba ohùn dání lọ sí Ìmẹ̀kọ. Má mú olórí ẹbí lọ, nítorí bó bá wà níjokòó, ojú rẹ̀ ni wọn yóò máa wò kí wọ́n tó dáhùn.