Mo ti fi Kùránì búra fún olùdíje kan. Ṣé mo lè dìbò fún ẹlòmíràn?

Ìbéèrè:

Àsàlámù àlékúmù, Ààfáà wa. Iṣu ni mò ń tà lọ́jà Tákíè, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn alátìlẹyìn olùdíje kan tó ń du ipò gómìnà wá bá wa ní àsàlátù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní onítẹ̀síwájú ni ọ̀gá àwọn, pé òun ló máa tún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ankárá tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ àti ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, wọ́n wá ní ká gbọ́wọ́ lé Kùránì pé òun la máa dìbò fún. Mo gbọ́wọ́ lé e. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu olùdíje mìíràn, mo sì bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè, ọkàn mi gbà pé ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ohùn ààfáà kan ń lọ káàkiri lórí fóònù pé ẹni tó bá rú irú ìbúra yìí kò ní ìtánràn, pé ó máa ya wèrè tàbí kó kú kí ọdún tó yípo. Àsàlátù wa ti pín sí méjì. Àwọn kan ò kírun lẹ́yìn lèmọ́mù mọ́, wọ́n ní ti ẹgbẹ́ kejì ló ń ṣe. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn:

Àlékúmù sàlámù. Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ò ní ya wèrè. Ìbúra ni ohun tí ẹ ṣe, ó sì ní ìtánràn, ẹ sì lè dìbò fún ẹni tí ọkàn yín gbà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun pé ó sàn jù.

Ibi tí ìdáhùn yín mọ nìyẹn. Àmọ́ mo fẹ́ ṣe àlàyé, torí ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Ẹni mẹ́rin ló ti wá bá mi nílé lórí rẹ̀ lóṣù yìí, omi ti ń dà lójú ọ̀kan nínú wọn kó tó jókòó.

Ọ̀nà Ìmáàmù Málíkì, àgbà onímọ̀ òfin ẹ̀sìn wa, ni àwọn ààfáà àgbà wa tọ̀, òun náà lèmi ń tọ̀. Lójú ọ̀nà yìí, ẹni tó bá fi Kùránì búra ti búra, torí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni Kùránì. Nítorí náà, mi ò sí lẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ fún àwọn ìyá wọn pé ìwé lásán ni wọ́n gbọ́wọ́ lé, kí wọ́n máa lọ. Ìwé lásán kọ́ o.

Ibi tí ààfáà tó wà nínú fóònù yẹn ti ṣìnà ni pé ó da ìbúra méjì pọ̀. Ìbúra kan wà tó ń wo ẹ̀yìn, òmíràn wà tó ń wo iwájú. Èyí tó ń wo ẹ̀yìn ni kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi Ọlọ́hun búra èké lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti gbowó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, tó wá dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kejì tó búra pé òun ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbúra náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní gamúsù, èyí tó ń ri oníbùúra sínú ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́dọ̀ Ìmáàmù Málíkì, kò sí oúnjẹ tàbí ààwẹ̀ tó lè tán ìyẹn, àfi kó ronú pìwà dà, kó máa tọrọ àforíjìn. Èyí tó ń wo iwájú ni “màá ṣe báyìí” tàbí “mi ò ní ṣe báyìí.” Lórí ìyẹn ni Ọlọ́hun sọ ìtánràn kalẹ̀ nínú Súrátù Máídà, áyà 89. “Màá dìbò fún ẹni báyìí,” iwájú ló ń wò. Ààfáà yẹn mú ìdájọ́ ti àkọ́kọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìkejì, ó sì fi dẹ́rù ba àwọn ìyá ọlọ́jà tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ọmọ kéwú tó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìbúra dáadáa kò gbọ́dọ̀ ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ká má tíì sọ ẹni tó ń wáàsí.

Ti wèrè àti ikú láàárín ọdún kan yẹn ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti rí i? Kò sí nínú Kùránì, kò sí nínú hádíìsì. Ẹ̀rù irin Ògún ni wọ́n gbé wọ Kùránì láṣọ. Àwọn baba ńlá wa ló máa ń sọ pé ẹni tó bá fi irin búra tó sì yẹ̀ ẹ́, irin á pa á. Ọlọ́hun sọ Kùránì kalẹ̀ fún ìmọ̀nà àti ìwòsàn, àwa wá ń lò ó bí ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba èèyàn ní ojúbọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra.

Ẹ wá gbọ́ hádíìsì kan tí Bùhárì àti Músílímù, àwọn onímọ̀ tó kó hádíìsì jọ, jọ gbà wá. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún Abdurrahman ọmọ Samura pé kó má ṣe béèrè ipò àṣẹ. Tí wọ́n bá fún un torí pé ó béèrè, wọn á dá a dá ipò náà, tí wọ́n bá fún un láìbéèrè, Ọlọ́hun á ràn án lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé tó bá búra lórí nǹkan kan, tó wá rí òmíràn tó lóore jù ú lọ, kó ṣe ìtánràn ìbúra rẹ̀, kó sì ṣe èyí tó lóore jù.

Hádíìsì kan ṣoṣo ni o, ẹ̀mí kan ni Ànábì fi sọ ọ́. Nílùú wa lónìí, àwọn alátakò olùdíje yìí ń ka ìdajì àkọ́kọ́ fún àwọn èèyàn rẹ̀, pé ẹni tó ń polongo ara rẹ̀ kò yẹ nípò. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń fi Ànábì Yúsúfù dá wọn lóhùn, ẹni tó ní kí wọ́n fi òun ṣe olórí àwọn àká ilẹ̀ Íjíbítì. Gbogbo wọn pa ìdajì kejì tì, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló kan àwọn tí wọ́n ti mú búra. Lórí ti Yúsúfù, ìdí tó fi béèrè wà nínú áyà náà: olùṣọ́ ni, onímọ̀ sì ni. Ohun méjì yẹn ló yẹ ká máa bi olùdíje. Ṣé ó máa ń ṣọ́ ohun tí wọ́n bá fi sí i lọ́wọ́? Ṣé ó mọ iṣẹ́ náà? “Onítẹ̀síwájú” jẹ́ orúkọ, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí wọ́n bá fi pè, ẹ bi í léèrè ibi tó ń tẹ̀ síwájú lọ.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ níbí. “Èyí tó lóore jù” kì í ṣe ẹni tó fún yín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ fún yín ní márùn-ún. Ànábì dárúkọ ẹni mẹ́ta tí Ọlọ́hun kò ní bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún olórí nítorí ayé nìkan, tí wọ́n bá fún un inú rẹ̀ á dùn, tí wọn ò bá fún un inú rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ̀yin ní ẹ wádìí kí ọkàn yín tó yí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà yín mọ́.

Ìtánràn náà: ẹ máa bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kí ẹ fi aṣọ wọ̀ wọ́n. Mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé. Kì í ṣe kí ẹ gbé ti ẹni mẹ́wàá fún ìyá àgbà kan ṣoṣo ní àdúgbò. Ìwọ̀n ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni múùdù Ànábì kan. Múùdù yìí kì í ṣe mùdù inú ọjà, kì í sì í ṣe kọ́ńgò. Kí ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kò tóbi jù tí kò sì kéré jù pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kó fi bu àgbàdo tàbí ìrẹsì kó kún, ohun tó wà nínú ọwọ́ náà ni. Àwọn onímọ̀ wa fẹ́ kí á fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ tàbí ìdajì rẹ̀ lé e. Kó jẹ́ irú oúnjẹ tí ẹ ń fún ará ilé yín jẹ, kó má jẹ́ èyí tí kòkòrò ti mu.

Nípa ti ààwẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á búra, wọ́n á rú u, wọ́n á ní “màá gba ààwẹ̀ mẹ́ta,” bí ẹni pé ààwẹ̀ ló kọ́kọ́ wà. Ẹni tí kò bá rí oúnjẹ tàbí aṣọ náà fún àwọn mẹ́wàá ni ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta wà fún. Ẹ̀yin ń tajà, ọwọ́ yín sì tó o, ẹ má gbààwẹ̀. Ẹ lè ṣe ìtánràn kí ẹ tó dìbò, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ló wù wá jù.

Ẹ dá owó náà padà. Rìbá ni, Ànábì sì ṣẹ́bi lé ẹni tó ń fún ni àti ẹni tó ń gbà á. Òfin ìdìbò ilẹ̀ wa pàápàá kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n. Tí wọn kò bá gbà á, ẹ fún aláìní, ẹ má sì kà á sí sàárà.

Ẹ̀yin tí ẹ wá ń gbé Kùránì kiri àsàlátù, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ mi le sí jù. Nígbà tí wọ́n gún Sáyídínà Úmárù, tó jẹ́ olórí àwọn Mùsùlùmí nígbà náà, lọ́bẹ, ó fi yíyan olórí sílẹ̀ fún sàhábé mẹ́fà. Abdurrahman ọmọ Awf ló ń lọ káàkiri Mẹ̀dínà, tó ń bi àwọn èèyàn léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́, tí kò fi rí oorun sùn. Kò mú àwọn ará ìlú búra. Kò pín nǹkan kan. Ìdẹkùn tí ẹ fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun dẹ fún àwọn ìyá yìí, bídíà, ìyẹn àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn, tó burú ni. Ẹ lọ tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ wọn.

Ẹ máa kírun lẹ́yìn lèmọ́mù yín. Abdullah, ọmọ Sáyídínà Úmárù, kírun lẹ́yìn Hajjaj, gómìnà kan láyé ìgbà náà tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Lèmọ́mù tiyín, ìbò lásán ló yà yín. Kò sì tọ́ kí Mùsùlùmí yan arákùnrin rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Àwọn àgbà wa mọ ohun tí ìyapa ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ọdún 1962 àti ìdìbò 1965 fà nílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń fi epo bẹntiróòlù wẹ ọmọ èèyàn kí wọ́n tó dáná sun ún. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Akíntọ́lá tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Wàhálà náà wọ ilé kọ̀ọ̀kan níbí. Ẹ má jẹ́ kó tún wọ mọ́sálásí.

Ẹ ò béèrè nípa ankárá, ṣùgbọ́n mo fojú mi rí i ní Jímọ̀ tó kọjá. Ọkùnrin tó wà níwájú mi fi í rán bùbá. Bó ṣe tẹ̀, ojú olùdíje ń wò mí láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo forí kanlẹ̀, mo gbórí sókè, òun náà ni mo kọ́kọ́ rí. Ànábì ní kí Áíṣà mú aṣọ ìkélé alárà kan kúrò níwájú òun, torí àwòrán ara rẹ̀ kò yéé yọ sí òun nínú ìrun. Ẹ má wọ tiyín wá sírun. Ẹ dì í mọ́ owó náà nígbà tí ẹ bá ń dá a padà. Tí wọn kò bá gbà á, ẹ fún ìyá ọlọ́mọ kan tí kò láṣọ kó fi máa bo ọmọ rẹ̀ lálẹ́.