Ohun tó ń mú gàrí Ìjẹ̀bú kan

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ṣágámù béèrè pé kí ló dé tí àwọn ìyá wa fi ń fi ẹ̀gẹ́ rírin sílẹ̀ nínú àpò fún ọjọ́ 3 sí 5 kí wọ́n tó yan án, ṣé òótọ́ ni pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fún sí i kó lè kan, àti pé ṣé ọ̀nà wà tí a fi lè mú un yá. Ọ̀rọ̀ ọsàn yẹn bí mi nínú. Mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò, òun tiẹ̀ fi kún un pé ahun ló ń ṣe Ìjẹ̀bú, pé a fẹ́ kó kan kí àlejò má baà mu púpọ̀. Kò yẹ kí àgbàlagbà máa sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí àgbada ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, n kò rí ẹni tó fún ọsàn sí gàrí níbẹ̀.

Èémí ló ń mú un kan. Ẹ jẹ́ ká ti orí ewé bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní chlorophyll, inú sẹ́ẹ̀lì ewé ẹ̀gẹ́, ló ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ewé á sì fi agbára yẹn tú omi tí gbòǹgbò fà wá. Ọ́síjìn inú omi á bá afẹ́fẹ́ lọ. Èyí tó kù ni ewé ń so mọ́ kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ọ́sáìdì tó gbà látinú afẹ́fẹ́, ló bá di ṣúgà. Ṣúgà yìí á sọ̀ kalẹ̀ wọ ilẹ̀, á di sítáàṣì. Èésú ni ẹ̀gẹ́ ń dá, ojoojúmọ́ ló ń fi díẹ̀ nínú agbára oòrùn pamọ́ títí a ó fi hú u.

Èémí inú sẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ohun abẹ̀mí fi ń tú agbára yẹn sílẹ̀ látinú ṣúgà. Àwa ènìyàn, ọ́síjìn la fi ń ṣe é: ẹyọ ṣúgà glúkóòsì kan á fún sẹ́ẹ̀lì wa ní ègé agbára tí wọ́n ń pè ní ATP bí 30, òun ni sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́. Ewé pàápàá ń mí, tọ̀sán-tòru. Àwọn tó ń sọ pé òru nìkan ni igi ń mí, kí wọ́n jọ̀ọ́ lọ tún un kà.

Nínú àpò ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Wọ́n á di ẹ̀gẹ́ náà pinpin, wọ́n á gbé òkúta lé e. Bí omi ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ ń jáde. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ò rí ọ́síjìn lò mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ṣúgà láìsí i, ATP 2 péré ni wọ́n sì ń rí lára glúkóòsì kan. Torí pé èrè wọn kéré tó báyìí, ṣúgà púpọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ, lactic acid ni wọ́n sì ń yà sílẹ̀, ásíìdì kan náà tó ń mú wàrà kan. Òun lẹ ń tọ́ wò nínú gàrí.

Láàárọ̀, ìyá àgbà mi máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ lé àpò kọ̀ọ̀kan. Bó bá lọ́ wọ́ọ́wọ́, á ní, "Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ o, ẹ má fọwọ́ kàn án." Lára agbára tí àwọn kòkòrò yẹn ń tú sílẹ̀ ló ń di ooru. Màmá ò mọ̀wé, ó mọ̀ pé ohun alààyè wà nínú àpò òun, ọmọ tó bá sì ṣí òkúta kúrò níbẹ̀ á jìyà.

Àwọn kan ní torí májèlé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀ pẹ́ nínú àpò. Rírin ló ń tú sáyánáìdì, májèlé náà, jáde, títẹ̀ àti yíyan ló ń lé e lọ. Gàrí tí kò kan náà ń gba ọ̀nà yẹn, nítorí náà kò ṣàlàyé tiwa.

Ó dùn mí pé jáàkì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀ báyìí, tí wọ́n á yan án lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n á pè é ní gàrí Ìjẹ̀bú fún ará Èkó. Ó sì tún dùn mí pé àwọn ọmọ wa ń fi ìwúkàrà búrẹ́dì kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ilé ìwé, kò sẹ́ni tó na ìka sí àpò ẹ̀yìnkùlé ìyá wọn.

Ní ti mímú un yá, ó ṣeé ṣe. Ẹ bu díẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́ ti ìṣáájú tó ti kan dáadáa, kí ẹ tó yan án, kí ẹ pò ó mọ́ tuntun kí ẹ tó dì í. Àwọn kòkòrò ibẹ̀ ti pọ̀ nílẹ̀, wọn ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bí sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.