Èsì fún màmá Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń wá mùdùnmúdùn eegun fún ọmọ-ọmọ rẹ̀

Mọ́mì, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú àìsùn. Mo ka ohun tí ẹ kọ: ọmọ yín obìnrin wà ní Jámánì, ará ibẹ̀ ló fẹ́, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló mú ọmọbìnrin wọn, dókítà sì ní àwọn ò rí ẹni tí mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Ẹ wá ń béèrè ibi tí ẹ ti lè kó ẹbí lọ ṣe àyẹ̀wò, ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, àti bóyá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O ló dáa jù.

Ọmọ Ìpẹru ni mí, ará Ireland ni ìyàwó mi. Ilé níbí la wà nígbà tí mùdùnmúdùn ọmọ wa ọkùnrin dáṣẹ́ sílẹ̀. Aplastic anaemia ni wọ́n ń pe tirẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n tó bá ti di ká wá mùdùnmúdùn, ojú ọ̀nà kan náà la jọ ń tọ̀.

Ẹ pa ọ̀rọ̀ O yẹn tì. Grúùpù ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò, jínótáìpù kọ́. HLA ni, ìyẹn àmì ara sẹ́ẹ̀lì tí ara fi ń mọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Ìdajì rẹ̀ wá láti ara bàbá, ìdajì láti ara ìyá, ẹni tó jẹ́ A sì lè fún ẹni tó jẹ́ O. Ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun, tó gbé ìwé dání, ló lé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà sílé nítorí grúùpù wọn yàtọ̀ sí ti ọmọ. Wọ́n ti Ìkẹ́nnẹ́ wá nínú oòrùn. Títí dòní, inú ṣì ń bí mi.

Nípa kíkó ẹbí jọ: ìdajì tí ọmọ yín gbé fún ọmọ rẹ̀ nìkan ló lè wà lára ẹbí yín. Ìdajì kejì wà ní Jámánì, lára àwọn ará ọkọ rẹ̀. Ó dà bí ẹni ń wá ẹni tó gbọ́ Ìjẹ̀bú tó tún gbọ́ èdè Jámánì nínú ọjà Òkè-Ajé. Àwọn tó gbọ́ Ìjẹ̀bú kún ibẹ̀, èyí tó kù ńkọ́? Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá ọmọ-ọmọ yín gan-an nìkan ló sún mọ́ ọn jù, àwọn náà sì rèé, ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni oríire ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó jẹ́ ti bàbá àti ìyá kan náà, àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ ò sọ bóyá ó ní.

Ibi tó dùn mí jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ, ibà ni wọ́n pè é, wọ́n tún pè é ní taifọ́ọ̀dù. Ojú rẹ̀ ń funfun, èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, àpá dúdú ń yọ lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà án, abẹ́rẹ́ ibà ni wọ́n ṣáà ń gún un. Ìgbà tí wọ́n wá rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀, wọ́n ní kí ẹbí wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Èmi fà, àbúrò mi fà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fà. Ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n gbé kọ́, tí wọ́n fà sí i lára. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn tó sọ pé ọmọ tó ṣeé ṣe kó gba mùdùnmúdùn lọ́wọ́ ẹbí, a kì í fi ẹ̀jẹ̀ ẹbí tọ́jú rẹ̀. A dé London, ohun àkọ́kọ́ tí dókítà tó gbà wá béèrè ni ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n ti fún un. Mo ní tiwa ni. Obìnrin náà kàn ń kọ̀wé lọ. Àṣé ara ọmọ ti mọ HLA wa bí ọ̀tá, ó ti pèsè ohun tó fi máa bá a jà. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n fi ń mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì fa orúkọ èmi àti àbúrò mi rẹ́. Àbúrò mi, géńdé tí ara rẹ̀ le koko, tí wọn ì bá fi ayọ̀ gbà!

Ní Jámánì, wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń fi ìtànṣán ṣe é kí wọ́n tó fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí lè má kan ọmọ-ọmọ yín. Ó kan ẹlòmíràn tó ń ka èyí nílé. Àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àgbo fún ọmọ tí ara rẹ̀ ò lè bá kòkòrò àrùn jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Ìpàdé ẹbí náà, ẹ múra sílẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi béèrè lójú gbogbo ayé pé ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ yọ ọ̀pá ẹ̀yìn wa. Ìyá àgbà kan sì ní àwọn ará ilé ló ń bínú pé mo lọ fẹ́ òyìnbó. Ìyàwó mi gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ó dìde, ó wọ yàrá. Ẹ bá mi sọ fún wọn: wọn kì í fọwọ́ kan ọ̀pá ẹ̀yìn. Lára ọ̀pọ̀ olùfúnni, apá ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹ̀rọ kan, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọjọ́ mélòó kan tó máa ń jẹ́ kí eegun ro ènìyàn díẹ̀. Tó bá jẹ́ mùdùnmúdùn fúnra rẹ̀ ni, egungun ìbàdí ni wọ́n ti ń fà á, olùfúnni á ti sùn lọ, ara á sì dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ yín béèrè lọ́wọ́ dókítà lọ́la gan-an rèé: mùdùnmúdùn ẹni tó bá a mu ní ìdajì ńkọ́? Òun tó bí ọmọ, ìdajì HLA ọmọ wà lára rẹ̀ láìsí pé à ń wá a kiri. Ti bàbá náà ńkọ́. Ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe ọ̀nà kan jáde, tí wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn cyclophosphamide ní ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin lẹ́yìn tí mùdùnmúdùn bá ti wọlé, kí mùdùnmúdùn àlejò má baà bá ara jà jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lo ti ìyá ọmọ mi. Ọmọ náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí, ó ń bá mi jiyàn lórí gbogbo nǹkan. Dókítà kan ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé "kò sí," ó sì pa fáìlì dé. Ẹni tó bá ní "kò sí," ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá gbogbo ayé ló wá, àbí orílẹ̀-èdè tirẹ̀ nìkan. Àwọn WMDA so àwọn ìwé orúkọ olùfúnni pọ̀ kárí ayé, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 40. Ti Brazil nìkan, REDOME, lé ní mílíọ̀nù 5, ẹ sì mọ̀ pé ìran wa àti ti òyìnbó ti dàpọ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti máa gbójú lé àjèjì tó lè bá ọmọ-ọmọ yín mu, kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ó ṣòro lóòótọ́. Àwọn NMDP, tó ń tọ́jú ìwé orúkọ olùfúnni ní Amẹ́ríkà, sọ pé nínú 100 aláìsàn tó jẹ́ òyìnbó, 79 ló máa rí ẹni tó bá a mu. Ti adúláwọ̀, 29. A ò pọ̀ nínú ìwé, HLA àwa adúláwọ̀ sì tún jẹ́ oríṣiríṣi ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1996, òbí Daniel De-Gale, ọmọ adúláwọ̀ kan tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú, dá ẹgbẹ́ ACLT tó ń wá olùfúnni adúláwọ̀ sílẹ̀ ní London nítorí èyí. 1999 ni wọ́n tó rí ẹnì kan fún un, ní Detroit. Ọmọ Nàìjíríà kan tí wọn ò rí olùfúnni fún, Seun Adebiyi, ló sì bẹ̀rẹ̀ ìwé orúkọ olùfúnni ti ilé wa ní Enugu ní 2012.

Nítorí náà, àwọn ọmọ ẹbí yín tó wà lókè òkun ni kí ẹ pè, kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ orúkọ olùfúnni. Ní Jámánì, DKMS ń gba ẹni ọdún 17 sí 55; Anthony Nolan ní ìlú ọba ń gba ẹni ọdún 16 sí 30. Wọ́n á fi ohun tí wọ́n ń fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ sílé, ẹ máa dá a padà, ó tán. Ní Ojúde Ọba, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá ti wọ aṣọ òkè tán, èmi a máa rò pé ká ní a lè nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo èrò yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà jù. Ọmọ wọn ni wọ́n ń wá.

Ẹ má san owó àyẹ̀wò HLA fún ẹnikẹ́ni nílé. Àwa san tiwa, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí òkèèrè, ó pẹ́ kó tó dé, ilé ìwòsàn London sì ní kò kúnná tó, wọ́n tún un ṣe. Àwọn dókítà ọmọ yín ni kó ṣètò èyí tí wọ́n bá nílò.

Tó bá wá di pé àbúrò ọmọ yín ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n fẹ́ lo, ìwé àṣẹ ìrìnnà nìkan lè gba ẹ̀mí. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn Jámánì kí ẹ tó fi ìbéèrè sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé olùfúnni ni ẹni náà jẹ́, kì í ṣe àlejò lásán. Kí ẹni náà lọ wo pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lónìí bóyá ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá.