Ìwé mi ní ẹyẹ 143, áàpù ní 131: èwo ni kí n gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Láti January ni mo ti ń kọ gbogbo ẹyẹ tí mo bá rí sílẹ̀, torí mo fẹ́ mọ iye ẹ̀yà tí mo máa rí kọ́dún yìí tó parí. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì tún ń fi í sínú eBird, áàpù tí àwọn tó ń wo ẹyẹ fi ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, lórí fóònù. Ní báyìí ìwé mi ní 143, eBird ní 131. Èwo ló tọ̀nà? Ṣé mo lè ka òwìwí tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lóru àmọ́ tí mi ò fojú rí? Odídẹrẹ́ kan náà wà tó já kúrò nínú àgò ẹnì kan, tó ń fò kiri orí igi, ṣé òun náà wọlé?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí n tètè sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí nọ́ḿbà méjèèjì má tọ̀nà. Ẹyẹ kíkà niṣẹ́ mi, mo sì tún máa ń yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ẹlòmíì wò, mi ò tíì rí ẹni tí ìwé ọwọ́ ẹ̀ àti áàpù ẹ̀ bára mu délẹ̀ rí, títí kan èmi alára.

Ẹ mú ìwé yín, ẹ ṣí lísìtì ọdún yìí nínú eBird, kẹ́ ẹ wá máa fi orúkọ kọ̀ọ̀kan wéra, ẹ má wo àròpọ̀ rárá. Díẹ̀ nínú àwọn 12 tí ìwé yín fi ju áàpù lọ máa jẹ́ nǹkan bíi "àṣá ńlá kan" tàbí "ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀", ìyẹn àwọn tẹ́ ẹ rí àmọ́ tẹ́ ẹ ò dá mọ̀ tán. eBird gbà pé kẹ́ ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dáa kẹ́ ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ju kẹ́ ẹ máa méfò lọ, àmọ́ kò ní kà á mọ́ iye ẹ̀yà. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ́pẹ́yẹ àti adìẹ tí wọ́n ń sìn nílé, wọn ò wọlé.

Èyí tó máa ń pa èèyàn jù ni ẹyẹ kan ṣoṣo tó gba orúkọ méjì. Ẹ wo ẹ̀gà. Tó bá di àsìkò tí wọ́n ń hun ìtẹ́, akọ ẹ̀ máa ń pọ́n bí ìyeyè, ojú tó mọ́lẹ̀ báyìí ò lè ṣì í. Tí àsìkò yẹn bá kọjá, á bọ́ ẹ̀wù yẹn sílẹ̀, á wá jọ abo ẹ̀ tí àwọ̀ ẹ̀ ò tàn, èèyàn á sì rò pé ẹyẹ tuntun lòun rí, á kọ orúkọ míì sí i. Ibi tẹ́ ẹ ti máa mú un ni ẹnu ẹ̀, torí àwọ̀ ìyẹ́ lè yí padà àmọ́ ẹnu tó nípọn tó ṣóńṣó yẹn wà bó ṣe wà. Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ méjì nínú ìwé yín tí ọ̀kan wà láàárín oṣù tí wọ́n ń tẹ́ ìtẹ́, tí èkejì wà lẹ́yìn ẹ̀, tí ibi tẹ́ ẹ ti rí wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ fura.

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ tún rí àwọn tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé tẹ́ ẹ sì gbàgbé láti fi sínú fóònù, bóyá bátìrì ti kú lọ́jọ́ yẹn. Tiyín ni gbogbo ìyẹn, ẹ ṣì lè fi wọ́n sí i, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ sórí lísìtì ni eBird ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo ẹ̀ tán, ẹ ò ní wà ní 143, ẹ ò sì ní wà ní 131.

Ó wá ku òwìwí. Ó wọlé. eBird ń ka ẹyẹ téèyàn gbọ́ ohùn ẹ̀ nìkan, òfin American Birding Association, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ẹyẹ ní Amẹ́ríkà, náà sì gbà á, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ẹyẹ náà wà láàyè, kó jẹ́ ti ìgbẹ́, kí nǹkan kan má sì dè é mọ́lẹ̀. (Ẹyin ò wọlé o, ẹnì kan ti béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi rí.) Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń ya èyí tí wọ́n gbọ́ sọ́tọ̀ sí èyí tí wọ́n fojú rí, ìyẹn náà dáa, ẹ ṣáà kọ "ohùn nìkan" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ibi tí mo ti máa ń yarí ni téèyàn bá gbé fóònù sókè, tí Merlin, áàpù tó ń fi ohùn dá ẹyẹ mọ̀, kọ orúkọ kan jáde, tó wá sáré lọ kọ ọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Merlin dáa gan-an, àmọ́ àbá ló ń dá. Àwọn ẹyẹ kan wà tó jẹ́ pé sínsín ohùn ẹyẹ míì jẹ niṣẹ́ wọn, bíi mockingbird ti Amẹ́ríkà àti starling ti Yúróòpù, wọ́n á ké bí àṣá, fóònù á sì kọ àṣá. Tí fóònù bá dárúkọ, ẹ dúró, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wá ibi tí ohùn yẹn ti ń wá.

Odídẹrẹ́ yẹn ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sínú lísìtì ọjọ́ yẹn, àmọ́ ẹ má kà á. eBird máa ń fi àmì sí ẹyẹ tó sá kúrò nínú àgò, kò sì ní í fi í kún àròpọ̀ yín. Tó bá jẹ́ irú èyí tó ti sá láti ọjọ́ pípẹ́, tó ti ń bímọ nínú ìgbẹ́ tó sì ti di ọmọ onílé, ọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá rí odídẹrẹ́ aláwọ̀ ewé tó kún àwọn páàkì London máa kà á láìṣiyèméjì, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ àgò làwọn baba ńlá wọn.

Ohun tẹ́ ẹ ò béèrè ni mo wá fẹ́ sọ, torí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ yéé kọ ẹyẹ, ọjọ́ ni kẹ́ ẹ máa kọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, orúkọ ẹyẹ ni mo máa ń kọ tí mo sì máa ń fi àmì ✓ sí i, ó tán. Mo ní "òwìwí ✓" nínú ìwé yẹn, kò sọ́jọ́, kò síbi tí mo ti rí i. Nígbà tó di 2024, wọ́n pín òwìwí olójú funfun yẹn, barn owl, sí ẹ̀yà mẹ́ta nínú lísìtì tí eBird ń lò. Nínú ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kó redpoll mẹ́ta, àwọn ẹyẹ kékeré ilẹ̀ olótùútù, pọ̀ di ọ̀kan, torí náà èèyàn lè sùn kó jí kí ẹyẹ méjì ti wọ́ kúrò nínú tiẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn, ní nǹkan bí October. Ẹni tó bá kọ ọjọ́ àti ibi tó ti rí i, sìstẹ́ẹ̀mù fúnra ẹ̀ máa ń pín in síbi tó yẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Èmi tí mo fi àmì sí i ńkọ́? Mo ṣì ń wo àmì yẹn dòní.

Bó ṣe yẹ kí ìlà kan rí rèé: "6:40 àárọ̀, ìṣẹ́jú 55, kìlómítà 1.2, etí odò. Lékèélékèé 14, alápàándẹ̀dẹ̀ 6, àkókó 1 (ohùn nìkan)." Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, torí bíírò ò fẹ́ràn òjò. Kẹ́ ẹ sì kọ lékèélékèé 14 yẹn o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti kà á láti January. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń lé nọ́ḿbà ọdún nìyí, tí ẹyẹ kan bá ti wọ lísìtì tán, wọn ò tún bojú wò ó mọ́, tí áàpù bá wá bi wọ́n pé ṣé gbogbo ẹyẹ tí wọ́n dá mọ̀ ni wọ́n kọ, wọ́n á tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ìdáhùn yẹn làwa tá a ń ka ẹyẹ fi ń mọ̀ bóyá ẹyẹ kan ò sí níbì kan lóòótọ́ tàbí pé ẹnì kan ló kàn fojú fò ó.

Tí ẹnì kan tó ń yẹ àkọsílẹ̀ wò fún eBird bá sì fi ìmeèlì béèrè ẹ̀rí ẹyẹ kan lọ́wọ́ yín, ẹ má bínú, kò pè yín lópùrọ́. Bí wọn ò bá tiẹ̀ gbà á wọlé sínú rìkọ́ọ̀dù gbogbogbò, ó ṣì máa wà nínú lísìtì tiyín.

Tẹ́ ẹ bá sì ń rò pé 130-ó-lé yín kéré, ẹ fìyẹn sílẹ̀ jàre. Guy Emerson tó jẹ́ òṣìṣẹ́ bánkì rí 497 ní Àríwá Amẹ́ríkà lọ́dún 1939, ìrìn àjò iṣẹ́ ẹ̀ ló ń fi ṣọgbọ́n, tí iṣẹ́ bá gbé e débì kan á rí i pé àsìkò ẹyẹ ibẹ̀ ni. Noah Strycker rí 6,042 káyé lọ́dún 2015, ọkọ̀ òfúrufú ló gbé e débẹ̀, lọ́dún tó tẹ̀ lé e Arjan Dwarshuis kọjá 6,800, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀yà ẹyẹ tó wà láyé ò ju nǹkan bí 11,000 lọ. Èmi ò lówó ìyẹn, mi ò sì ní ìlera ẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo fa òbìrípo máìlì 5 yí ilé mi ká, èyí tí mo bá rí nínú ẹ̀ nìkan ni mò ń kà, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu ohun tó ń kọjá níbẹ̀ lásìkò tí àwọn aṣíkiri bá ń lọ tí wọ́n bá tún ń bọ̀.

Ẹ máa wa dátà yín jáde lórí eBird lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ síbòmíì, torí fóònù máa ń já sómi. Tó bá sì di alẹ́ 31 December tẹ́ ẹ bá tún lọ dúró de òwìwí yín, ẹ pa lísìtì yẹn dé kí aago 12 tó lù, kẹ́ ẹ ṣí òmíràn. Èyí tó bá ké ní 11:58, tọdún yìí ni. Tó bá tún ké ní 12:03, òun ni nọ́ḿbà 1 yín fún ọdún tuntun.