Irú sípíríǹgì wo ló yẹ tírélà àgọ́ (èyí tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn, tí èèyàn lè sùn sí) tó máa gba ọ̀nà tí kò dára?

Ìwọ̀n ẹrù lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ gbé tírélà náà sórí ìwọ̀n pẹ̀lú omi, oúnjẹ àti gbogbo ẹrù yín, kí ẹ tó ra sípíríǹgì tó bá a mu. Èyí tó le jù yóò máa ta tírélà sókè ni, èyí tó rọ̀ jù yóò sì jókòó.

Tó bá jẹ́ ọ̀nà bíi Gibb River Road ní Ọsirélíà, tó gùn tó nǹkan bíi 660 kìlómítà, tí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ rí gbágungbàgun bíi páànù, ẹ mú kọ́ìlì sípíríǹgì (irin tí wọ́n lọ́ róbótó) tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń dá gòkè sọ̀ kalẹ̀ láyè ara rẹ̀. Ẹ má fi sọ́ọ̀kì (ohun tó ń dín gbígbọ̀n sípíríǹgì kù) tó dáa dù ú rárá! Gbígbọ̀n àìdábọ̀ máa ń mú kí òróró inú sọ́ọ̀kì gbóná, agbára rẹ̀ á sì dínkù.

Líìfù sípíríǹgì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra) náà dára: owó rẹ̀ kéré, ó sì rọrùn láti tún ṣe nínú igbó. Ẹ ṣáà fi sọ́ọ̀kì kún un. Áàsìlù onírọ́bà (èyí tó ń lo rọ́bà dípò sípíríǹgì irin) ni n kò ní gbà yín níyànjú láti rà fún irú ọ̀nà yìí, torí tí rọ́bà inú rẹ̀ bá bàjẹ́, kò ṣe é tún ṣe lójú ọ̀nà.